Ìdíje Tí Àlàmú Yàn fún Ọ̀tá Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, bí ẹ bá ń bínú ẹnì kan lọ́wọ́lọ́wọ́, tí ẹ sì ti ń pọ́n ọ̀bẹ tí ẹ máa fi gbẹ̀san, ẹ fi ọ̀bẹ náà sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́ ti Àlàmú. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́. Ó ní ká má fi orúkọ òun pa mọ́.

"Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí," ló wí. "Ẹni tó bá máa rẹ́rìn-ín, kó rín in."

Àlàmú ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi wà nídìí tírélà, láti Èkó dé Kútọnu, láti Lomé dé Tema, títí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fi kọ iṣẹ́. Ìgbà náà ló fìdí kalẹ̀ sí Abossey Okai ní Accra, nílé ọjà Kwabena tó ń ta ẹ́ńjìnnì àlòkù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi bẹntiróòlù fọ irin, kó sì máa ṣọ́ ọjà.

Kò níyàwó mọ́, kò nílé. Ohun kan ṣoṣo tó ní tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni ìtàn tó ń kọ sínú ìwé ọmọ iléèwé. Ohun kan ṣoṣo tó sì ń wá láyé ni kí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé kan kó tó kú.

Ẹni tó ń bá a tẹ ìtàn wọ̀nyí ni Olúdáre, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Adabraka. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ bàbá yìí. Ó ní bí òun bá ti ń tẹ ìwé rẹ̀ ni Yorùbá òun ń dára sí i, torí ìyá òun ti kú, kò sẹ́ni tí òun tún ń bá sọ ọ́ nílé.

Olúdáre náà ló kọ́ Àlàmú pé wọn kì í kó sínú ìdíje ìtàn kúkúrú bí ẹni ń kó wọ tíróòtíróò, ọkọ̀ akérò Accra.

"Bàbá, ẹ má sáré," ló máa ń wí. "Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó fi ìtàn ránṣẹ́, ẹ fò ó. Èyí tó bá ní bẹ́ ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ìtàn ti di tàwọn, ẹ fò ó. Ẹ wo àwọn tó fẹ́ ṣèdájọ́. Ẹ wá ìtàn tó gbà á lọ́dún tó kọjá, kẹ́ ẹ kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ ka òfin rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti kéré jù."

"Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ pa mọ́ sí," ni Àlàmú dáhùn. "Bọ́dà mẹ́rin ni mo ti rí irú ẹ̀."

Wọ́n a jọ rẹ́rìn-ín. Àbí ta ni kò ní fọkàn tán irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Alhaja Fáòsíà wá ra bẹ́líìtì ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Kwabena. Obìnrin yìí ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó wà lágbègbè náà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

"Bàbá Àlàmú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn, ẹ wá gbọ́ nǹkan," ló wí, ó gbé fóònù síwájú rẹ̀. "Wọ́n ṣe ìdíje kan ní Ìbàdàn, ọmọ Accra níbí ló gbà á. Wọ́n ti kà á sórí afẹ́fẹ́."

Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nínú fóònù: "Òjò ló kọ́kọ́ mọ̀ pé bíréèkì ti já."

Irin tó wà lọ́wọ́ Àlàmú bọ́ sínú bẹntiróòlù. Ó mọ gbólóhùn yẹn. Alẹ́ mẹ́ta gbáko ló fi wá a kó tó rí i. Ó mọ èyí tó tẹ̀ lé e, ó mọ èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà. Ó dúró, ó ń fi ẹnu bá ohùn náà lọ títí ó fi parí.

"Ta ni wọ́n ló kọ ọ́?" ló béèrè.

"Ọmọ kan tó ń tẹ̀wé ní Adabraka ni. Olúdáre lorúkọ ẹ̀. Ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí Alhaja lọ tán, ó sọ fún Kwabena. Yorùbá tí Kwabena gbọ́ kò ju ti ọjà lọ, kò mọ "ẹ̀yin" yàtọ̀ sí "ìwọ", ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn bàbá náà dénú, ó ń fi èdè tirẹ̀ pè é ní Wòfa Alata, ìyẹn "àbúrò ìyá mi, ọmọ Yorùbá".

"Wòfa Alata, má sunkún. Mo máa pe àwọn ọmọ tó ń kun ọkọ̀ lójú pópó yẹn. Chálè, ọ̀rẹ́ mi, a ò ní pa á o. A kàn máa kùn ún láwọ̀ pupa láti orí dé ẹsẹ̀, a máa sá a sóòrùn kó gbẹ."

"Rárá," ni Àlàmú wí. "Tó bá dọ̀la, yóò fi kẹrosíìnì fọ ọ̀dà kúrò lára. Èyí tí kò ṣeé fọ̀ ni mo ń wá fún un."

Ó wọkọ̀ lọ sí Adabraka lọ́jọ́ kejì. Olúdáre dọ̀bálẹ̀ kí i bó ti máa ń ṣe. Ó fún un ní àga. Ó gbé omi fún un. Ojú rẹ̀ kò gbé ibì kan.

"Bàbá, ó ní ohun kan tí mo fẹ́ bá yín sọ," ni Olúdáre bẹ̀rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi…"

Àlàmú rò pé irọ́ ló fẹ́ pa. Bí òun bá sì gbọ́ irọ́ náà, ọwọ́ òun yóò yá ju ẹnu lọ, gbogbo ète òun yóò sì bàjẹ́.

"Tẹ̀wé ẹ jẹ́ẹ́," ló wí. "Mi ò wá gbọ́ ọ̀rọ̀."

Olúdáre padà sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì tún jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá yìí ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdíje. Kì í ṣe fún ara rẹ̀ o. Olúdáre ló ń wá a fún, bí ẹni ń yan okùn tí yóò fi so àgbò. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà kọ́ ọ ló dorí rẹ̀ kodò. Èyí tó ń gbowó ìwọlé, ó fò ó, torí ìtìjú rẹ̀ kéré. Èyí tí wọn kì í kéde síta, ó fò ó. Èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá mú olè, lẹ́tà lásán ni wọ́n ń kọ sí i, ó tutọ́ sí i.

Ó wá rí ọ̀kan. Ìdíje Ẹ̀yìn Odi ni wọ́n ń pè é, fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé lẹ́yìn odi Nàìjíríà. Lọ́dún náà, Tema ni wọ́n ti fẹ́ kéde rẹ̀, lójú gbogbo ayé. Nọ́ńbà ni wọ́n ń fún ìtàn kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà nínú àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa, wọn kò ní í ṣí i àfi lórí pèpéle. Ẹbùn rẹ̀ ni pé wọn yóò tẹ ìtàn mẹ́wàá ti ẹni tó bá borí di odindi ìwé.

Òfin kẹsàn-án ló wà nísàlẹ̀, ní lẹ́tà kéékèèké: ìtàn tó bá ti jáde níbikíbi rí, ì báà ṣe nínú ìwé tí wọ́n pín níbi àpèjẹ, yóò bọ́ kúrò nínú ìdíje, wọn yóò dárúkọ ẹni tó ni ín síta, kò sì gbọdọ̀ bá wọn du nǹkan mọ́ fún ọdún márùn-ún.

Àlàmú ka òfin náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dùn mọ́ ọn bí ẹran àyà.

Ó ku ìjẹ tí yóò fi sẹ́nu ìwọ̀. Ìjẹ tó bá rù kì í mú ẹja ńlá. Àlàmú mọ èyí, ó sì jókòó ti ìtàn kan tí kò sọ fún ẹ̀dá kan rí.

Nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, ìwé ọkọ̀ wọn há sí bọ́dà Aflao fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Awakọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó gbórí lé táyà. Ó fún Àlàmú lówó pé kó lọ ra oògùn àti oúnjẹ wá. Àlàmú gba owó, ó ré kọjá sí Lomé, ó lọ gbádùn ara rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó padà dé, ọ̀gá rẹ̀ ṣì wà lórí táyà náà, ṣùgbọ́n kò mí mọ́.

Ohun tó kọ nìyẹn. Ó pè é ní "Ìrọ̀rí Táyà." Ó sunkún bó ti ń kọ ọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín lórí ẹkún náà, torí ó mọ̀ pé olè kò ní lè fojú fo irú rẹ̀.

Ó da ìtàn náà kọ ní ẹ̀dà méjì. Ó gbé ọ̀kan fún Alhaja Fáòsíà fún ìwé ètò ọdún ẹgbẹ́ wọn. Ẹ mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwòrán alága ló kún inú rẹ̀, àti ìpolówó àwọn oníṣòwò. Olúkúlùkù á ṣí i síbi tí àwòrán tirẹ̀ wà, á wò ó, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á pa á dé títí ayé. Ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ìtàn Àlàmú sí, láàárín ìpolówó símẹ́ńtì àti àwòrán àwọn olóògbé.

"Mi ò tíì rí àyè kà á o," ni Alhaja wí nígbà tí ìwé jáde, "ṣùgbọ́n ó kún ojú ewé yẹn dáadáa. A ò bá fi í sílẹ̀ lófìfo."

Olúdáre kì í bá wọn dé ẹgbẹ́. Àlàmú mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó gbé ẹ̀dà kejì lọ sí Adabraka.

"Bá mi tẹ èyí, kó kàn wà ńlẹ̀," ló wí. "Mi ò fi du nǹkan kan."

Olúdáre kà á níbẹ̀ lójú rẹ̀. Nígbà tó kà á dé ìdajì, ó bọ́ gíláàsì ojú, ó nu ojú.

"Bàbá, ṣé òótọ́ ni?"

"Ìtàn ni."

"Ìtàn yìí lè gba nǹkan o, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká wá ìdíje kan…"

"Mo ní mi ò dù ú! Orí mi ò sí nínú ìdíje mọ́. Àwọn tó lórí níbẹ̀, kí wọ́n máa gbà á lọ."

Bó ti ń jáde, ó fi bébà tí ìkéde Ìdíje Ẹ̀yìn Odi wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, bí ẹni gbàgbé nǹkan. Kò bojú wẹ̀yìn.

Oṣù méjì kọjá. Wọ́n gbé orúkọ ìtàn márùn-ún tó kù síta. Ìkẹta nínú wọn ni "Ìrọ̀rí Táyà."

"Wòfa, ẹja ti gbé e mì?" ni Kwabena béèrè.

"Tìwọ̀ tìwọ̀."

"Ó gbọ́dọ̀ ṣojú mi kòró! Ọjọ́ tóo bá fẹ́ fà á sókè, mo máa ti ṣọ́ọ̀bù."

"Dúró sídìí ọjà ẹ. Èmi nìkan ló jí lólè, èmi nìkan ni mo fẹ́ mú un."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ìkéde, Olúdáre fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí Abossey Okai. Ó gbé bàtàkárì tuntun kan dání, ẹ̀wù aṣọ híhun ti àwọn ará Gánà, tó dì sínú bébà.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dé Tema ní Sátidé. Ẹ wọ èyí. Ẹ má bi mí léèrè ohun tó jẹ́, ẹ ṣáà tẹ̀ lé mi."

Ẹ ò rí ayé! Olè náà fẹ́ kí olóhun wá pàtẹ́wọ́ fún òun, ó tún ra aṣọ tí yóò wọ̀ pàtẹ́wọ́ náà. Àlàmú gba aṣọ náà.

"Màá bá ẹ lọ," ló wí. "Mi ò ní í jẹ́ kí ọjọ́ yẹn fò mí."

Ó lọ gba ìwé ètò kan sí i lọ́wọ́ Alhaja Fáòsíà, ó sì jẹ́wọ́ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Obìnrin náà di ìwé náà mú.

"Bàbá Àlàmú, ọmọ yìí, ẹ ti pè é jókòó, kẹ́ ẹ bi í pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Alhaja, wọn kì í bi olè pé kí ló dé."

"Wọ́n máa ń bi í o. Kódà ní àgọ́ ọlọ́pàá."

"Ẹ fún mi níwèé mi."

Gbọ̀ngàn náà kún ní Sátidé. Àlàmú wọ bàtàkárì ọ̀tá, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tá, ìwé ètò wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó ń gún un níhà. Olúdáre kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń fọwọ́ pa orókún.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbídùn, àgbà obìnrin tó ṣe olórí àwọn onídàájọ́, bọ́ sórí pèpéle. Ó kéde ipò kẹta. Ó kéde ipò kejì. Ó wá gbé bébà kan sókè.

"Kí n tó ṣí orúkọ ẹni tó borí," ló wí, "ẹ jẹ́ kí n ka ìparí ìtàn rẹ̀ fún yín."

Ó kà á. Nígbà tó kà dé ibi tí ọmọkùnrin náà ti gbé oúnjẹ síwájú òkú ọ̀gá rẹ̀, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹun, obìnrin kan lẹ́yìn Àlàmú bú sẹ́kún. Nígbà tó parí, gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ogójì ọdún ló ti ń retí ìpàtẹ́wọ́ yẹn. Ó wá dé tán, etí olè ló ń wọ̀ lọ. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mú àpò ìwé, ó fẹ́ ya á.

"Ẹ má ya á!" Àlàmú ti dìde. "Ìtàn yẹn ti jáde rí! Ẹ̀rí ń bẹ lọ́wọ́ mi!"

Olúdáre di apá aṣọ rẹ̀ mú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i ná. Mo bẹ̀ yín."

"Kí wọ́n ṣí i kí o gbé e lọ bíi ti àkọ́kọ́? Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wo ojú olè! Èmi ni mo kọ èyí tó gbà ní Ìbàdàn! Èmi ni mo kọ èyí náà!"

Ó já apá rẹ̀ gbà, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan lọ sórí pèpéle. Ó ṣí ìwé ètò síwájú obìnrin náà, ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n. Ọ̀jọ̀gbọ́n kà á, ó wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó tún kà á. Ó gbé e fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn náà mi orí.

"Òfin kẹsàn-án," ló wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Ìtàn yìí bọ́."

"Kò tán síbẹ̀!" ni Àlàmú ké. "Òfin ní kẹ́ ẹ dárúkọ ẹ̀!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe ìyẹn nínú yàrá."

"Síta níbí! Kí gbogbo wọn gbọ́!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ya àpò náà. Ó ka ohun tó wà nínú rẹ̀, ó gbójú sókè wò ó, ó sì kà á síta.

"Ẹni tó ni ìtàn: Àlàmú. Abossey Okai, Accra. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló bá a fi ránṣẹ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì tètè gbé e mì.

Àlàmú gba bébà náà. Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú àmì ohùn, kò sí èyí tí wọ́n fò.

Olúdáre ti dìde sí àárín èrò. Omi ń dà lójú rẹ̀.

"Òótọ́ ni Bàbá sọ," ló wí. "Mo jí ti àkọ́kọ́. Mo fẹ́ kí èèyàn kan pe èmi náà ní ọmọ Yorùbá, mo fi orúkọ mi sí i. Mo ti kọ̀wé sí àwọn ará Ìbàdàn pé kì í ṣe tèmi. Bí wọ́n bá pe Bàbá lónìí tán ni mo fẹ́ dìde jẹ́wọ́ níbí." Ó yíjú sí Àlàmú. "Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ ní kí n tẹ̀wé mi jẹ́ẹ́."

"Bàbá," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbídùn béèrè, "ta ló gbé ìtàn yìí fún ẹgbẹ́ tó tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni."

"Ẹ ti mọ òfin wa nígbà náà?"

"Mo mọ̀ ọ́n lórí."

Wọ́n fún ẹni tó ṣe ipò kejì ní ẹbùn náà. Ìwé obìnrin yẹn ti jáde báyìí, àwọ̀ ewé ni ẹ̀yìn rẹ̀. Àlàmú ti rí i. Ọdún márùn-ún tí wọ́n dá fún un kò tíì pé ìdajì, ẹsẹ̀ kejì sì ti ń dùn ún. Àwọn ará Ìbàdàn yọ orúkọ Olúdáre kúrò lára ìtàn àkọ́kọ́, wọ́n fi tirẹ̀ sí i. Èyí tí olè gbé, wọ́n dá a padà. Èyí tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ jù nù, ta ni yóò lọ gbé e wá?

Ẹ̀yin tó ń kọ ìtàn, Àlàmú ní ká sọ fún yín: bí ẹ bá ń yan ìdíje, ẹ yàn án fún ara yín. Ẹ má yàn án fún ẹlòmíì.

Nínú tíróòtíróò kan náà ni àwọn méjèèjì bá padà sí Accra lọ́jọ́ yẹn, torí kò sí ọkọ̀ míì. Wọ́n há ara wọn mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ìlú ni Olúdáre yíjú sí i.

"Bàbá," ni Olúdáre wí jẹ́jẹ́, "mo ti dárí jì yín."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?" ni Àlàmú dá a lóhùn, ó kọjú sí fèrèsé.

Ó ní gbogbo ohun tí ọmọ náà fi ṣe òun lòun ti gbójú fò, àfi gbólóhùn kan yẹn. Òun kò tíì dárí rẹ̀ jì í dòní.